Níbo ni àrọ̀ wà ní dáàmù Ọbà, kí ló sì ń jẹ?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ń fi ìwọ̀ pẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, dáàmù odò Ọbà ni mo sì máa ń lọ. Mo ra ọ̀pá ìwọ̀ tuntun, mo ń jù ú jìnnà dé àárín omi, láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Epìyà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ni mo ń rí mú. Àrọ̀ tí mo torí ẹ̀ lọ, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń rí àwọn tó ń dẹ àwọ̀n tí wọ́n ń gbé àrọ̀ ńláńlá lọ sọ́jà. Bàbá kan níbẹ̀ ní ibú ni àrọ̀ ń gbé, kí n fi òjé kún okùn mi kó lè rì dáadáa. Ẹlòmíì ní kí n fi ọṣẹ ṣe ìjẹ. Ẹnìkan tún ní àrọ̀ kì í jẹ ìwọ̀ rárá, pé àwọ̀n nìkan ló ń mú un. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

* * *

Àbúrò mi, kó okùn ẹ padà sí etí omi, kí o sì jẹ́ kí oòrùn fẹ́ wọ̀ kí o tó kúrò nílé. Tí o bá ṣe méjèèjì yìí, ìyókù á rọrùn.

Àrọ̀ kì í ṣe ẹja ọ̀sán. Bí oòrùn bá ti ń mú, abẹ́ ìbòòji ló ń sá sí: ìdí igi tó wó sómi, abẹ́ òṣíbàtà, ihò abẹ́ bèbè, inú ẹrẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ló ń jáde. Láti bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́, àti ní ìdájí kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, ìgbà yẹn ló ń rìn kiri wá oúnjẹ. Etí omi ló sì ń wá a sí, níbi tí omi ò ti ju orúnkún sí ìbàdí lọ.

Àwọn tí o rí tí wọ́n ń gbé àrọ̀ lọ sọ́jà, ṣé o bi wọ́n nípa ìgbà tí wọ́n dẹ àwọ̀n yẹn? Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dẹ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ koríko ni wọ́n sì dẹ ẹ́ sí. Ní àárọ̀ kùtù ni wọ́n wá kó ẹja inú ẹ̀. Nígbà tí ìwọ fi ń dé ní aago mẹ́wàá, àrọ̀ ti jẹun tán, ó ti wọ inú òkùnkùn ẹ̀ lọ. Àwọ̀n wọn ò ní agbára kankan tí ìwọ̀ ẹ ò ní. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ẹja ń rìn, ìwọ ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní àrọ̀ kì í jẹ ìwọ̀, má gbọ́ tiẹ̀ rárá.

Bí o bá ra àrọ̀ lọ́jà Tákíẹ̀, kí o tó jẹ́ kí wọ́n gé e, wo orí ẹ̀ dáadáa. Orí yẹn pẹlẹbẹ, ó gbòòrò, egungun ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó wà níbẹ̀ kéré gan-an. Ka irùngbọ̀n ẹ̀. Mẹ́jọ ni: méjì nítòsí imú, méjì tó gùn jù ní igun ẹnu, mẹ́rin lábẹ́ àgbọ̀n. Irùngbọ̀n yẹn ló fi ń fọwọ́ tọ́ ilẹ̀ nínú òkùnkùn, òun náà ló sì fi ń tọ́ nǹkan wò kó tó gbé e mì. Ara ẹ̀ tún ń mọ iná mọ̀nàmọ́ná tín-ín-tín tó máa ń ti ara ẹ̀dá alààyè jáde, débi pé ẹja kékeré tó dákẹ́ sínú ẹrẹ̀ kò sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹja tó báyìí kò nílò ìmọ́lẹ̀ láti rí ìjẹ ẹ. Ohun tó nílò ni kí òórùn ìjẹ náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kí ìjẹ náà sì wà ní ilẹ̀ tó ń rìn kọjá.

* * *

Ẹ̀yin tó kọ̀wé sábẹ́ ìdáhùn mi ti ń bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ ibú, pé ibẹ̀ ni àrọ̀ ń gbé. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. A ń gbàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ pé orí ni ẹja fi ń la ibú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé bí omi bá ṣe jìn sí ni ẹja inú ẹ̀ á ṣe tóbi sí. Ní odò tó ń ṣàn, ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹja kan. Ṣùgbọ́n àrọ̀ là ń sọ, inú dáàmù la sì wà.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni bó ṣe ń mí. Ẹja gbogbo ló ń gba èémí láti inú omi. Àrọ̀ ní tiẹ̀ ní nǹkan pupa kan lókè ibi tí ẹja ń fi mí, nínú orí ẹ̀ níbẹ̀, ó yọ ẹ̀ka ẹ̀ka bí igi kékeré. Òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè tí èmi àti ìwọ ń mí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó o sínú abọ́ ńlá tí omi inú ẹ̀ kò ju ìka méjì lọ lọ́jà, tí á sì wà láàyè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí nìyẹn náà tó fi ń gbé inú àbàtà tó ti fẹ́ di ẹrẹ̀ tán, níbi tí ẹja mìíràn á ti kú. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa gòkè wá gbá afẹ́fẹ́. Jókòó jẹ́ẹ́ sí etí dáàmù lálẹ́, ìwọ náà á gbọ́ ọ: omi á dún pọ́lọ́, á tún dákẹ́. Ibi tí o bá ti gbọ́ ìró yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibẹ̀ ni kí o ju ìwọ̀ sí, má wá ibòmíì.

Ìsàlẹ̀ dáàmù tó jìn, omi ibẹ̀ máa ń tutù, èémí inú ẹ̀ kì í tó, ìdin àti ìṣáwùrú kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Kí ni àrọ̀ fẹ́ lọ ṣe? Oúnjẹ ẹ̀ wà ní etí: kòkòrò, ìṣáwùrú, àkèré, ọmọ epìyà, èso tó já sómi, òkú ẹran tí omi gbé wá. Gbogbo nǹkan tí òjò bá gbá láti orí ilẹ̀, etí omi ló kọ́kọ́ ń dé.

Ìgbà kan wà tí mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le, tí omi dáàmù bá ti fà sẹ́yìn, gbogbo koríko tó wà ní etí omi ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ nígbà yẹn. Àrọ̀ á kó jọ sí ipa tí odò náà ń gbà kí wọ́n tó sé e. Tí o bá mọ ipa yẹn, ju ìwọ̀ sí i. Nígbà ọyẹ́ náà, omi máa ń tutù lóru, ikùn ẹja ò ní yára dà, ìjẹ ẹ lè wà nílẹ̀ títí kí nǹkan kan má fọwọ́ kàn án. Lákòókò ọyẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń yàn ju ìdájí lọ, nítorí pé omi etí bèbè ṣì gbóná díẹ̀ láti ara oòrùn.

Ẹni tó kọ ọ́ pé dáàmù kékeré ni mò ń sọ, pé dáàmù ńlá ò rí bẹ́ẹ̀: mo ti pẹja ní Ìkéré Gọ́ọ̀jì lápá Ìsẹ́yìn, lórí odò Ògùn. Tọwọ́ tẹsẹ̀ ló fi tóbi ju tiwa lọ. Ẹnu ibi tí odò kéékèèké ti ń wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, ni àwa tó ń fi ìwọ̀ dẹ ẹ́ ti ń rí àrọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń lọ sí dáàmù Erelú náà á jẹ́rìí mi.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ wá ńkọ́? Òun ló fa àríyànjiyàn jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn tó ní ọṣẹ ń mú àrọ̀ àti àwọn tó ní kò wúlò.

Ọṣẹ ń mú àrọ̀. Kì í ṣe irọ́. Àwọn apẹja tó ń na okùn gígùn kan sódò, tí wọ́n so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n á fi sílẹ̀ di òwúrọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gé sí i. Ọ̀rá ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, òórùn ẹ̀ sì ń bá omi lọ. Kò wọ́n, ẹja wẹ́wẹ́ ò lè já a jẹ kúrò, kì í sì í jẹrà. Fún ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ìwọ̀ lórí okùn kan, kò sí ìjẹ tó dùn ún lò bíi ti ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Odò tó ń ṣàn ni. Omi ń gbé òórùn náà lọ bá ẹja. Nínú dáàmù tí omi ẹ̀ dúró sójú kan, òórùn ọṣẹ ò jìnnà sí ìdí ìwọ̀. Ẹni tó ní ọ̀pá ìwọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́, tó fẹ́ lo wákàtí mẹ́ta péré, tó bá fi ọṣẹ sí i, ó ń fi àkókò ẹ̀ ṣòfò ni lójú tèmi. Tí o bá sì fẹ́ dán an wò dandan, ọṣẹ ìfọṣọ lásán ni kí o lò, kì í ṣe ọṣẹ ìwẹ̀ olóòórùn dídùn.

Ekòló ni ọba ìjẹ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ẹja tètè dá a lóhùn. Wàhálà ekòló ni pé epìyà náà fẹ́ràn ẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ tán, wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán kúrò lẹ́nu ìwọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá tètè dé etí omi, ìfun adìyẹ ni mo kọ́kọ́ ń lò. Ó le, epìyà kékeré ò lè já a, òórùn ẹ̀ sì ń rìn. Lọ bá àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà, wọ́n á fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Fi sínú ike fún ọjọ́ kan kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Èyí tó bá ti jẹrà tán kì í dúró lórí ìwọ̀, ẹja ò sì fẹ́ràn ẹ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ dára púpọ̀ ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù. Fi òwú rán an mọ́ ìwọ̀ bí o bá fẹ́ lò ó.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí èsúnsún bá ń fò, má ra ìjẹ kankan. Mú wọn lábẹ́ iná, kó mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí ìwọ̀ kan. Lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àrọ̀ ń wá sókè omi fún èsúnsún tó já sómi, ìwọ̀ tí kò ní òjé rárá ló sì ń mú un jù. Ibi tí ọ̀pẹ bá sì ti na ọwọ́ sórí omi, ẹyìn pípọ́n ò burú: ó ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tún kù. Bẹntiróòlù ọ̀kadà, lọ́fíńdà, sìgá, gbogbo ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìjẹ. Ẹja tó ń fi irùngbọ̀n tọ́ nǹkan wò á tu irú ìjẹ bẹ́ẹ̀ dànù. Fi ẹrẹ̀ etí omi fọ ọwọ́ ẹ kí o tó fọwọ́ kan ìwọ̀.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ń lé àrọ̀ sá: bẹ́ẹ̀ ni, alẹ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, àrọ̀ kì í fẹ́ wá sí ibi tí omi ò ti jìn. Ojú òkùnkùn ló dáa jù. Tí o bá ti débẹ̀ tí òṣùpá sì yọ, wá ibi tí igi ti ṣíji bo omi.

Tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Lò ó fún ìjẹ àti fún ejò, má tan án sójú omi. Má sì máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí bèbè. Àrọ̀ ní egungun kéékèèké tó so àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ mọ́ etí, ó ń gbọ́ràn ju ọ̀pọ̀ ẹja lọ.

* * *

Ẹnìkan fi ìbínú kọ ọ́ pé a ò jẹ́ kí epìyà ní iyì, pé kí àbúrò yìí má fojú di èyí tó ń rí mú. Mo gbà fún un, jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ̀.

Epìyà ni ẹja ọ̀sán. Ewé tútù inú omi àti ohun àwọ̀ ewé tó ń hù lára òkúta ni púpọ̀ oúnjẹ ẹ̀, ṣùgbọ́n á jẹ ẹ̀bà tí a pò, á jẹ búrẹ́dì, á jẹ ekòló. Ẹnu ẹ̀ kéré, ìwọ̀ kékeré ló fẹ́. Níbi tí omi bá ti mọ́ ní etí dáàmù, wàá rí kòtò róbótó róbótó nílẹ̀ iyanrìn. Akọ ló gbẹ́ ẹ. Irú kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé tí abo bá yé ẹyin sínú kòtò yẹn, ẹnu ara ẹ̀ ni á kó ẹyin náà sí, níbẹ̀ ni wọ́n á ti pa, kódà tí àwọn ọmọ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á tún sá padà sẹ́nu ìyá wọn bí ewu bá dé. Irú kejì kì í fi ẹnu gbé ẹyin, akọ àti abo jọ ń ṣọ́ ọ nílẹ̀ ni.

Pẹ̀lú irú ìtọ́jú báyìí, ọmọ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kú. Tí wọ́n bá wá pọ̀ jù nínú omi kan, oúnjẹ á há, wọn ò ní dàgbà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣì máa bímọ. Àwọn kéékèèké tí àbúrò wa ń mú yẹn, tí ó ń pè ní ọmọ, púpọ̀ nínú wọn ti di ìyá. Ó ṣeé ṣe kó máà tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ láé.

Ta ló ń dín wọn kù? Àrọ̀ ni. Èyí tó bá ti tóbi nínú wọn, ọmọ epìyà ni púpọ̀ nínú oúnjẹ ẹ̀. Nítorí náà, àbúrò, má da epìyà kékeré ẹ nù. Mú ọ̀kan tó ṣì wà láàyè, fi ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́yìn lókè, kí o má gún egungun ẹ̀yìn ẹ̀, jẹ́ kó máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúoró nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àrọ̀ tí ìjẹ yìí bá mú kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ká tí wọ́n ń yan lọ́pọ̀ lórí ayanran. Èyí tó ń kún ìkòkò ni.

* * *

Ìbéèrè kékeré kan wọlé: "Mo mú àrọ̀ kan tó ní nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ lẹ́yìn nítòsí ìrù. Ṣé àrùn ni?"

Rárá. Irú àrọ̀ mìíràn ni, ẹbí kan náà ni wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù ní ọ̀dọ̀ wa, lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ gùn láti ẹ̀yìn orí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìrù. Èyí tí o mú, lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kúrú, lẹ́yìn náà ni lẹ́bẹ́ ọ̀rá kan wá tẹ̀ lé e. Ó ń tóbi gan-an. Àwọn tó ń sin ẹja máa ń fi àwọn méjèèjì gùn láti bí èyí tó ń yára dàgbà. Jẹ ẹja ẹ.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ní gbogbo àrọ̀ inú dáàmù ló ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja sá wá, pé oúnjẹ oníwóró nìkan ni wọ́n mọ̀. Lóòótọ́, bí ọ̀gbàrá bá bo ọ̀gbun ẹja, wọ́n ń sá lọ sódò. Ṣùgbọ́n àrọ̀ ti wà lódò Ọbà kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ọ̀gbun ẹja ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tó bá sì sá dé ibẹ̀ kì í pẹ́ tí ebi á fi kọ́ ọ ní ekòló jíjẹ.

* * *

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹni kan kọ lánàá, torí ó dùn mí. Ó ní kí àbúrò yìí má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu lórí ìwọ̀, kó dúró de òjò ńlá àkọ́kọ́, kó mú àdá àti tọ́ọ̀ṣì, kó lọ sí ojú odò kékeré tó ń wọ dáàmù, pé àpò ló máa fi kó àrọ̀.

Òótọ́ ni ohun tó sọ. Àpò ni wọ́n fi ń kó o. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, láti oṣù kẹrin lọ níhìn-ín, tí ọ̀gbàrá sì kún inú koríko, àrọ̀ á fi dáàmù sílẹ̀, á gòkè lọ sínú odò kéékèèké, á wọ inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, níbi tí omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ nígbà míì. Òru ni. Akọ àti abo á pàdé, abo á da ẹyin sára koríko, ẹyin á lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín bí ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n á ti pa. Àrọ̀ ò dà bí epìyà, kì í dúró ti ọmọ. Gbogbo ìrètí ẹ̀ wà nínú pípọ̀ ẹyin. Abo tó wúwo tó kílò kan lè ní ẹyin tó ju 50,000 lọ nínú, díẹ̀ péré ni á sì dàgbà nínú wọn, torí pé kòkòrò omi, àkèré, ẹyẹ àti àwọn ẹja mìíràn ń jẹ wọ́n, omi á sì tún fà kúrò lára àwọn mìíràn.

Ẹni tó bá wá mú àdá lọ dúró síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá tí kò tíì yé ẹyin ló ń ṣá. Ẹni tó fi àwọ̀n dí ẹnu odò kékeré láti bèbè dé bèbè, tó fi ìgèrè sí àlàfo tó kù, kò jẹ́ kí ọ̀kan kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń kígbe pé ẹja ò sí mọ́ bíi ti àtijọ́. Kí la ń retí? Ẹnìkan dá mi lóhùn pé ẹja odò kì í tán. Ó ń tán. Mo mọ odò kékeré tó ń wọ Ọbà tí a máa ń gbọ́ ìró àrọ̀ nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó ti dákẹ́ báyìí, omi inú ẹ̀ ò sì dín.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun. Mo ní kí a fún wọn ní òjò àkọ́kọ́ yẹn. Bí ìwọ̀ ẹ bá mú abo tó yọkùn lákòókò yẹn, tí o tẹ ikùn ẹ̀ fẹ́rẹ́ tí ẹyin aláwọ̀ ewé tàbí pupa rúsúrúsú ń yọ, dá a padà. Bó o ṣe máa mọ abo ni kí o wo abẹ́ ikùn níwájú lẹ́bẹ́ ìsàlẹ̀: ti akọ ní ẹran ṣóńṣó kan tó yọ jáde, ti abo róbótó ni. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yé tán, ebi sì ń pa wọ́n, ìwọ̀ ló kàn.

Àwọn tó ń da gámálìnì sómi ni mi ò ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ fún. Oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò oko kòkó, ohun tí gbogbo ayé panu pọ̀ ní 2009 láti pa rẹ́ nítorí pé kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, nínú omi àti nínú ara èèyàn, òun ni wọ́n ń dà sínú odò tí àwọn ọmọ ń pọn mu. Ó ń pa ẹja ńlá, ó ń pa ọmọ ẹja, ó ń pa ìdin tí ẹja ń jẹ. Ẹja náà á sì dé orí igbá lọ́jà. Tí ẹ bá rí ẹja tó léfòó lọ rẹpẹtẹ láàárọ̀, àtàrọ̀ àtepìyà, àtakèré, ẹ má gbé e. Ẹ lọ sọ fún baálẹ̀ tàbí ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín.

* * *

Nǹkan mẹ́ta kí n tó padà sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀.

Dáàmù tí ìlú ń mu omi ẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wọ̀ bó ṣe wù ú. Kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ kí o tó jókòó. Bí wọ́n bá ní ibí yìí ò ṣeé dé, má dé ibẹ̀.

Má dúró sínú omi, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Ìṣáwùrú etí omi ló ń gbé kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, ọ̀sán tí oòrùn ń mú ni kòkòrò náà ń jáde jù, ó sì ń gba awọ ara wọlé láì sí egbò. Àwọn tó ń gbé nítòsí dáàmù Ọyàn nípìnlẹ̀ Ògùn mọ ìyà tó ń fi jẹ ọmọdé. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ẹ, ilé ìwòsàn ni kí o lọ, oògùn wà fún un.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gún. Àrọ̀ ní ẹ̀gún méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn orí, eyín wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀. Bó bá na án, ó ti há nìyẹn. Bó bá gún ẹ, fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, má fi ẹrẹ̀ dí i, kí o sì lọ gba abẹ́rẹ́ ipá.

* * *

Àbúrò wa ti padà kọ̀wé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo lọ ní ìrọ̀lẹ́, mo lo ìfun adìyẹ, mo jù ú sí ẹ̀gbẹ́ koríko. Nǹkan ń fà á, ó ń fà á gan-an, ṣùgbọ́n tí mo bá ti já ọ̀pá mi sókè, ìwọ̀ á wá lófìfo. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

O ti rí i báyìí pé ó ń jẹ ìwọ̀. Ó kù kí o ní sùúrù. Àrọ̀ kì í gbé ìjẹ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Á fi irùngbọ̀n kàn án, á fi ètè fà á, á fi í sílẹ̀, á tún padà wá. Fífà kékeré tí o kọ́kọ́ ń rí, ìtọ́wò ni. Bí o bá já a nígbà yẹn, ìfun lo já kúrò lẹ́nu ẹ̀. Fi okùn sílẹ̀ kó dẹ̀, má jẹ́ kó ganpa, má sì so òjé tó wúwo mọ́ ọn. Bó bá ti gbé e mì, á gbé e lọ: okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ lójú kan láì dúró. Ìgbà yẹn ni kí o fà á, fífà kan tó lágbára, kí o má sì dẹ ọwọ́ mọ́.

Wo ìwọ̀ ẹ náà. Èyí tí o fi ń mú epìyà ti kéré jù. Ẹnu àrọ̀ gbòòrò, ètè ẹ̀ nípọn. Wá èyí tí àlàfo ẹnu ẹ̀ tó ìbú ìka àárín ẹ, kí o sì pọ́n ọn. Má fi ìjẹ bo ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, jẹ́ kí ṣóńṣó ẹ̀ yọ díẹ̀.

Bí ó bá ti há, inú koríko ló máa kọjú sí. Má jẹ́ kó débẹ̀, torí á yí okùn mọ́ ìdí igi, á já a. Rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí o máa fà á síbi tí ilẹ̀ ti mọ́. Tó bá dé etí omi, má fi okùn gbé e sókè, wọ́ ọ gba orí ẹrẹ̀. Fi aṣọ tútù di orí ẹ̀ mú lẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì kí o tó yọ ìwọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí o bá kó o sí, gbé e jìnnà sí bèbè, kí o sì wá nǹkan wúwo dé e lórí. Àrọ̀ á fò jáde, á sì fi ikùn wọ́ lórí ilẹ̀ títí á fi padà sómi.